Láti Òkè Àrin dé Eko Atlantic: Bí Ará Ìsàlẹ̀ Èkó Ṣe Lè Gbára Dì fún Maratọ́ọ̀nù

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Fẹ́búárì, wọn a máa lé ọkọ̀ kúrò lórí afárá Third Mainland. Afárá yìí, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 11.8, tí Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ṣí ní ọdún 1990, bẹ̀rẹ̀ láti Òwòròǹṣòkí, ó sì bọ́ sílẹ̀ ní Adéníji Adélé, lẹ́nu ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Èkó. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ariwo kọ̀ńdọ́ àti fèrè dánfó á rọlẹ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn ni yóò máa dún lórí ọ̀dà. Àwọn ará Kenya àti Ethiopia ló máa ń kọ́kọ́ yọ, tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a sì ti kọjá lọ kí òǹwòran tó rí ojú wọn dáadáa. Lẹ́yìn wọn ni ogunlọ́gọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń bọ̀: òṣìṣẹ́ báńkì, sójà, akẹ́kọ̀ọ́, ìyá ọlọ́mọ, bàbá àgbà tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì.

Lagos City Marathon ni wọ́n ń pe eré náà. Ọjọ́ 6 oṣù Fẹ́búárì ọdún 2016 ni wọ́n sá àkọ́kọ́ rẹ̀, nígbà tí Akínwùnmí Ambọ̀dé jẹ́ gómìnà, tí báńkì Access sì jẹ́ onígbọ̀wọ́. Abraham Kiptum láti Kenya ló gba ipò kìíní lọ́jọ́ náà láàárín wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 16, ó sì gba 50,000 dọ́là. Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti ń gbéra. Wọn a gba Ojúẹlẹ́gba àti Fádèyí dé Anthony, wọn a yà sí Gbàgádà, wọn a gun Third Mainland, wọn a sọ̀ sí Osborne, wọn a la Ìkòyí já, wọn a gun afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí, kí wọ́n tó wá parí rẹ̀ ní Eko Atlantic, Victoria Island. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195, ìwọ̀n tí wọ́n kọ́kọ́ lò ní Òlíḿpíìkì London ní 1908, tí àjọ eré ìje àgbáyé sì fọwọ́ sí ní 1921.

Ọdọọdún ni àwọn tó dúró wòran ní Adéníji Adélé máa ń sọ pé àwọn náà á sá tọdún tó ń bọ̀. Díẹ̀ ló ń mú un ṣẹ, nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ń rò. Wọn kò ro oṣù mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀. Oṣù mẹ́rin yẹn ni maratọ́ọ̀nù gan-an, ó sì bọ́ sí àsìkò tó le jù lọ́dún fún ẹni tó ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó, pàápàá ẹni tó ń tajà ní ọjà Òkè Àrin.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá ti lè sá kìlómítà 5 láìdúró nílò ọ̀sẹ̀ 16 sí 20 kí ara rẹ̀ tó lè gba kìlómítà 42. Bí eré bá wà ní àárín Fẹ́búárì, ìbẹ̀rẹ̀ Ọkitóbà ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí eré ìdánrawò máa ń gùn jù, tí ènìyàn á máa sá kìlómítà 25, 28, títí dé 32 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á wá bọ́ sí Dìsẹ́ńbà àti Jánúárì. Ta ni kò sì mọ Òkè Àrin ní Dìsẹ́ńbà? Ibẹ̀ ni àwọn alátùn-úntà ti ń wá ra mílíìkì, tòmátò inú agolo, ìrẹsì, èròjà ọbẹ̀ àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún ọdún. Oníṣọ́ọ̀bù á wà lórí ìdúró láti òwúrọ̀ dé alẹ́, alábàárù á ru ẹrù títí ọrùn á fi wọ̀. Bí ọjà bá wá tú tán, orin á bẹ̀rẹ̀ lójú títì: pátì àdúgbò, ìgbéyàwó, fújì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìwé ètò tí wọ́n kọ fún asáré ìlú òyìnbó kò mọ ohunkóhun nípa èyí, ẹni tó bá tẹ̀ lé e láìyẹsẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó á kàn fi ara rẹ̀ ṣe ìyà lásán ni.

Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ láti Sẹ̀tẹ́ńbà, kó lè ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́ tí yóò fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọjà. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, kó sá díẹ̀, kó sùn. Ara kì í gbàgbé iṣẹ́ oṣù mẹ́ta nítorí ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá. Ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni kí ènìyàn pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì, kó wá fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan san gbèsè rẹ̀.

Ètò ọ̀sẹ̀ kan kò nira láti lóye. Ọjọ́ mẹ́rin tó fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́: ọjọ́ méjì fún eré kúkúrú, ọjọ́ kan fún eré tó yára díẹ̀, ọjọ́ kan fún eré gígùn. Àpapọ̀ kìlómítà ọ̀sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ fi púpọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ lé ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ń gòkè, kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní ìkẹrin kí ara lè tún ara rẹ̀ ṣe.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni ìyára. Orílẹ̀-èdè eré kúkúrú ni Nàìjíríà. Tóbi Amùsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú Òde, ló fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá eré ọgọ́rùn-ún mítà tí wọ́n ti ń fo ìdènà ní Eugene ní Amẹ́ríkà ní 2022, tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn obìnrin kò tíì sá irú rẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Irú eré bẹ́ẹ̀ la ń pàtẹ́wọ́ fún láti pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà tí a bá sọ fún ọmọ Èkó pé kó sáré, á fò bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èémí á tán, á gbá àyà mú, á sọ pé eré ọlọ́nà jíjìn kì í ṣe tòun.

Eré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń kọ́ ara. Bí asáré kò bá lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ gbólóhùn kan parí láìmí hẹlẹ, ó ti yára jù. Nínú irú eré tí ènìyàn lè máa sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ yìí ni ọkàn ti ń kọ́ láti tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i jáde ní ìlù kọ̀ọ̀kan, tí òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín ń pọ̀ sí i nínú iṣan ẹsẹ̀, tí iṣan náà sì ń kọ́ láti máa jó ọ̀rá ara, kí ó lè fi ṣúgà pamọ́ fún ìgbẹ̀yìn. Bí a bá dá iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sí ọ̀nà márùn-ún, mẹ́rin nínú rẹ̀ ló yẹ kó jẹ́ irú eré báyìí.

Ewu kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ̀. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń yá fún iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n egungun àti okùn líle tó so ẹran mọ́ egungun ń fẹ́ oṣù mélòó kan. Ní oṣù kejì, asáré á rí i pé èémí òun ti já gaara, á rò pé òun ti di ará Kenya, á fi kún un. Ìgbà náà gan-an ni ojúgun ń bẹ̀rẹ̀ sí í ro, tí gìgísẹ̀ ń dunni láàárọ̀. Ìgbésẹ̀ eré kọ̀ọ̀kan ń gbé ìwúwo tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwúwo ara lé ẹsẹ̀ lórí. Alábàárù tó ń ru àpò ìrẹsì la àárín Òkè Àrin kọjá ní ẹsẹ̀ tó lágbára ju ti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lọ, kò sì sí iyèméjì nípa ìyẹn, àmọ́ egungun rẹ̀ kò tíì mọ ìlù eré. Òun náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, kó sì ka ìdúró àti ìrìn gbogbo ọjọ́ mọ́ iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ ti ṣe. Bí ọjà bá ti lọ́ ọ lára lálẹ́ Tọ́sìdeé, kó fi eré ìdájí Fúráídè sílẹ̀.

Níbo wá ni ènìyàn á ti máa sáré ní Ìsàlẹ̀ Èkó? Ìbéèrè yìí dunni. Pápá kò pọ̀: Campos wà, Oníkan wà, àwọn agbábọ́ọ̀lù ló sì ni méjèèjì. Ibi ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà àti Balógun ti di àtẹ ọjà. Nígbà kan, ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, tí wọ́n ń ṣe ìmọ́tótó àyíká láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, ni ọmọdé àdúgbò ń rí títì tó ṣófo gbá bọ́ọ̀lù. Ìjọba Èkó dáwọ́ títi ìgboro pa yẹn dúró ní 2016, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ sọ pé kò bófin mu láti dí àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ìrìn. Ìdájọ́ náà tọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi àyè mìíràn rọ́pò títì tó ṣófo náà fún àwọn ọmọ yẹn. Ìlú tó ń pe gbogbo ayé wá sá maratọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún yẹ kó ní ibi tí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó lè máa sáré sí ní ojoojúmọ́.

Ní báyìí ná, ìdájí àti ọjọ́ Àìkú ni ọ̀rẹ́ asáré. Ẹni tó bá ti ṣe ìrun àsùbáà tán, ojú ọ̀nà ṣì dá fún un fún wákàtí kan gbáko. Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti pa, á lè ti Òkè Àrin gba Àpọ́ńgbọ̀n bọ́ sí Marina, kó tẹ̀ lé etí ọ̀sà dé Oníkan, kó gba ọ̀nà Awólọ́wọ̀ wọ Ìkòyí, títí dé afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí. Afárá yìí, tí wọ́n ṣí ní 2013, gùn ní mítà 1,360, ojoojúmọ́ ni àwọn tó ń jọ́gìn sì ń pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó mú kó wúlò ni gígun rẹ̀. Ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó tẹ́jú pẹrẹsẹ, afárá nìkan ni òkè tí a ní, eré Fẹ́búárì sì kún fún afárá. Kí asáré gùn ún lọ, kó gùn ún bọ̀, ní ìdákẹ́jẹ́. Ti Third Mainland yàtọ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ dánrawò lórí rẹ̀ láàárín ọkọ̀. Kí ènìyàn máa bá ẹgbẹ́ sáré, kó dojú kọ ọkọ̀ tó ń bọ̀, kó wọ aṣọ tó ń tàn nínú òkùnkùn. Fún obìnrin, ẹgbẹ́ kì í ṣe fàájì, ààbò ni.

Ọ̀rọ̀ ooru ló kàn, ibẹ̀ sì ni Èkó ti ń dá àwọn ọ̀gá lóró.

Ní Jánúárì 1973, Èkó gbàlejò Eré Gbogbo Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì ní pápá Sùúrùlérè, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tán nígbà náà. Mamo Wolde, ọmọ Ethiopia, ló gba góòlù maratọ́ọ̀nù. Mamo ti gba góòlù Òlíḿpíìkì ní Mexico ní 1968, ó sì tún gba idẹ ní Munich ní Sẹ̀tẹ́ńbà 1972 láàárín wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 15. Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn Munich, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 27 ló lò ní Èkó, síbẹ̀ kò sí ẹni tó yára jù ú lọ. Ìṣẹ́jú 12 ló wà láàárín méjèèjì. Ọjọ́ orí lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀, bó ṣe nílò láti yára lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sáré rí ní Èkó ní Jánúárì mọ ohun tó gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn.

Òógùn a máa tu ara nígbà tó bá ń gbẹ kúrò lára. Láàárọ̀ Èkó, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ pọ̀ débi pé òógùn kì í gbẹ, ó kàn ń kán sílẹ̀ lásán ni. Ọkàn á wá máa ṣe iṣẹ́ méjì: kó gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, kó sì tún gbé e wá sí awọ ara kí ooru lè jáde. Ìdí nìyí tí ìyára tó rọrùn ní ìlú tútù fi ń di ìjàkadì níbí. Àǹfààní kan wà fún ará Èkó nínú rẹ̀, ara tó bá ti ń sáré nínú ooru fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá a máa fi omi kún ẹ̀jẹ̀, a sì máa tètè làágùn, tí òógùn náà kì í sì í gbé iyọ̀ púpọ̀ jáde mọ́. Àlejò gbọ́dọ̀ wá ra àǹfààní yìí, ọmọ Òkè Àrin ti ní in lọ́wọ́. Ó dáa nígbà náà pé kí ó má ṣe gbogbo eré rẹ̀ ní ìdájí. Kí ó máa jẹ́ kí eré gígùn ọjọ́ Àìkú wọ inú oòrùn aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, torí pé nínú irú oòrùn bẹ́ẹ̀ ni yóò wà lọ́jọ́ eré. Bí ọyẹ́ bá wá mú, tí eruku bo ojú ọ̀run, kí ẹni tó ní ásímà má jáde lọ́jọ́ náà rárá.

Nípa omi, àṣìṣe méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn má mu tó. Ìkejì, tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ rí, ni kí ó mu omi lásán ní àmujù. Omi púpọ̀ láìsí iyọ̀ a máa da ẹ̀jẹ̀ lámùúlà, orí á fọ́, èébì á gbé e, ó sì ti pa asáré rí. Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ ohun tí ara ń fẹ́ ni òṣùwọ̀n: kí asáré wọn ara rẹ̀ ṣáájú eré gígùn kan àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá fi kílò kan dín, nǹkan bíi lítà omi kan ló ti làágùn dànù. Kò sì ní láti ra ohun mímu olówó gọbọi. Omi iyọ̀ àti ṣúgà tí gbogbo ìyá ń pò fún ọmọ tó ń ṣu yàgbẹ́ gbuuru wúlò fún asáré pẹ̀lú: ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́fà àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí nínú lítà omi mímọ́ kan.

Oúnjẹ ni ibi tí Òkè Àrin ti ń san oore padà. Iṣan àti ẹ̀dọ̀ a máa tọ́jú ṣúgà pamọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ara lè gbà kò ju nǹkan tó ń gbé ènìyàn dé nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ. Bí ó bá tán, ẹsẹ̀ á di òkúta, ojú á máa ṣú, ìrètí á pin. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ máa jẹun lójú ọ̀nà, gíráàmù 30 sí 60 ṣúgà ní wákàtí kan, a sì gbọ́dọ̀ ti fi eré ìdánrawò kọ́ ikùn láti gbà á. Dàbínù tí wọ́n ń tà lápò-lápò lọ́jà wúlò púpọ̀ fún èyí. Ó ju ìdajì ìwúwo rẹ̀ lọ tó jẹ́ ṣúgà, kì í bàjẹ́ nínú ooru, ó sì wọ àpò ṣòkòtò. Kí wọ́n yọ kóró rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Oyin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó níyọ̀, gúlúkóòsì oníyẹ̀ẹ́fun, gbogbo rẹ̀ wà ní ìtòsí. Ní ọjọ́ méjì tó ṣáájú eré, kí ìrẹsì, iṣu, ẹ̀kọ àti búrẹ́dì Àgége pọ̀ nínú àwo, kí ẹ̀wà, ata àti ẹran ọlọ́ràá sì dín kù, nítorí ohun tí yóò da inú láàmú ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ kò ṣeé fò ní àdúgbò tí Mùsùlùmí pọ̀ tó báyìí. Ramadan a máa fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún. Ní 2024, ọjọ́ 11 Mááṣì ló bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 2025, ọjọ́ 1 Mááṣì. Bó ṣe ń bọ̀ yìí, ó ń wọ Fẹ́búárì, lẹ́yìn náà á wọ Jánúárì àti Dìsẹ́ńbà, sínú ọ̀sẹ̀ ìdánrawò gan-an. Aláàwẹ̀ lè máa sá eré kúkúrú nígbà tó bá ku díẹ̀ kí ó ṣínu, kó sì fi eré gígùn sí òru lẹ́yìn àṣámù tàbí ṣáájú sàárì, níbi tó ti lè mu omi. Kó má sá eré gígùn láàárín ọ̀sán nínú ààwẹ̀. Bí eré náà fúnra rẹ̀ bá bọ́ sínú Ramadan, kí ó mú kìlómítà 10 tí wọ́n máa ń sá lọ́jọ́ kan náà, tàbí kí ó dúró de ọdún mìíràn.

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ó yẹ kó dé ọsibítù. Ọsibítù Ọ̀dàn kò jìnnà sí Òkè Àrin. Kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ní in tí wọn kò mọ̀. Kí ó sì mọ jẹ́nótáìpù rẹ̀. A mọ̀ ọ́n fún ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ó kan eré pẹ̀lú. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Wọ́n lè sá maratọ́ọ̀nù, àmọ́ bí wọ́n bá fi agbára sáré nínú ooru tí omi ti gbẹ lára wọn, iṣan wọn lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lójijì, kí wọ́n sì ṣubú. Ẹni tó jẹ́ AS gbọ́dọ̀ máa fi kún iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, kó sì dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹsẹ̀ bá ń ro ún lọ́nà tí kò yé e. Ẹni tó jẹ́ SS, dókítà nìkan ló lè sọ ohun tó lè ṣe.

Ọ̀rọ̀ bàtà, ènìyàn á máa gbọ́ ìtàn Abebe Bikila, tó sá maratọ́ọ̀nù Òlíḿpíìkì Rome ní 1960 láìwọ bàtà, tó sì gba góòlù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Tokyo, bàtà ló wọ̀, ó tún gba góòlù, ó sì yára ju ti Rome lọ. Bàtà òkìríkà kò burú bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ṣì rọ̀, tí kò sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kó tóbi díẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ nítorí pé ẹsẹ̀ a máa wú nínú ooru. Kí ẹnikẹ́ni má wọ bàtà tuntun lọ́jọ́ eré. Kí wọ́n fi fasilíìnì pa abẹ́ ìtàn àti abíyá, kí obìnrin wọ kọ́mú tó di àyà mú, kí ẹni tó ń wọ híjáábù wá èyí tó fúyẹ́ tó sì ń gba afẹ́fẹ́ wọlé.  

Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iṣẹ́ ti parí. Eré á máa dín kù, ìdajì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara á sì máa bẹ̀bẹ̀ fún eré. Ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn sùn nìyẹn. Àwọn kan á bẹ̀rù, wọ́n á fi eré kìlómítà 30 kan dán ara wò ní ọjọ́ mẹ́wàá sí eré. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè.

Lọ́jọ́ eré, kí ará Ìsàlẹ̀ Èkó ti gba orí afárá Èkó kọjá kí wọ́n tó ti títì. Kìlómítà mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló ń pa ènìyàn, nítorí pé ìlù ń dún, ara ṣì tutù, gbogbo ayé ń fò. Kí ó jẹ́ kí wọ́n lọ. Lórí Third Mainland, ọ̀sà àti oòrùn á wà ní apá òsì rẹ̀, Yunifásítì Èkó, Mákòókò àti Òkóbàbà á wà ní apá ọ̀tún, òjìji kankan kò sì sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò tó jẹ́ ti ọmọ àdúgbò nìkan. Ó ti sá ju ìdajì lọ, ẹsẹ̀ ti ń wúwo, ó bọ́ sílẹ̀ lórí afárá, ilé rẹ̀ sì nìyẹn, ní ìwọ̀nba ìrìn díẹ̀ sí Adéníji Adélé. Ará Kenya kò ní ilé níbẹ̀. Ohun tó lè gbà á ni kí ó ti pinnu ṣáájú pé kí ìyàwó, ọkọ tàbí ọ̀rẹ́ òun má dúró níbẹ̀, kí wọ́n lọ dúró ní Ìkòyí tàbí Lẹ́kí, níbi tí ṣúgà ti ń tán lára, tí ènìyàn nílò ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀.

Bí ó bá ti parí, kí ó má jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kó rìn díẹ̀, kó mu omi iyọ̀ àti ṣúgà, kó jẹun láàárín wákàtí kan. Ní ọjọ́ kejì àti ìkẹta, sísọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni yóò dùn ún jù, kí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá ẹni tí yóò bá a ṣí i lọ́jọ́ Ajé. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bíi kóòkì, tàbí tí kò rí ìtọ̀ rárá, ọsibítù ni kó lọ kíákíá, nítorí iṣan tó bàjẹ́ lè dí kídìnrín lọ́wọ́. Bí kò bá sí èyí, kó máa rìn fún ọ̀sẹ̀ kan, kó fi ọ̀sẹ̀ kejì jọ́gìn fẹ́ẹ́rẹ́, kó má sì sá eré kankan tó le títí oṣù kan á fi pé.